NÀSÍHÀ LẸ́NU IṢẸ́: BÍ A ṢE Ń SỌ ÒÓTỌ́ FÚN ẸNI TÍ A JỌ Ń ṢIṢẸ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fi ahọ́n jíǹkí ọmọ ènìyàn, tí yóò sì bi í léèrè ohun tí ó fi ṣe. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa tí a wà ní Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti àwọn ìlú Afijió yòókù, òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wa. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ ní iléèwé, àwọn kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Jóbẹ̀lé, àwọn kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń wakọ̀, àwọn kan ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó, àwọn mìíràn sì ń jí lọ sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ láràárọ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: nígbà tí a bá rí i pé ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, kí ni ẹ̀sìn wa ní ká ṣe?

Ká má tan ara wa. Ohun tí púpọ̀ wa ń ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ẹlòmíràn á dákẹ́, á ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, pé wọn ò níí gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ẹlòmíràn á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, á máa fi ẹni náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí kò sí. Ẹlòmíràn á máa yìn ín lójú pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó o, nítorí ó ń wá ojúrere. Ẹni àkọ́kọ́ ti jìn ní àmánà, ẹni kejì ti jẹ ẹran ara arákùnrin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ẹni kẹta sì ti purọ́. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa ni pé òótọ́ tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹnìkan, ẹ̀tọ́ ẹni náà ni lọ́rùn wa. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lójú ara rẹ̀, nígbà tí ó ṣì lè tún un ṣe.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ NÀSÍHÀ?

Orúkọ tí ẹ̀sìn wa fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni nàsíhà. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà méjì. Èkíní, wọ́n ń lò ó fún oyin tí a ti sẹ́, tí a ti yọ ìda kúrò nínú rẹ̀, tí ó wá ku kìkì oyin. Èkejì, wọ́n ń lò ó fún iṣẹ́ télọ̀ tí ń rán ibi tí aṣọ ti ya. Ọ̀nà méjèèjì ló bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́ ọkàn ara rẹ̀, kí ìlara àti ìbínú àná lè kúrò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ télọ̀ náà a máa gún aṣọ, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gún un kí ojú ibi tó ya lè pàdé ni.

Hàdíìsì tí Tamim ad-Dari gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Mùsìlímù, fi hàn pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ka nàsíhà sí ẹ̀sìn gan-an. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni à ń ṣe é fún, ó ka àwọn olórí àwọn Mùsùlùmí àti gbogbo àwọn ará wọn mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé ọ̀gá ní ìpín tirẹ̀, ọmọọṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Sàhábé kan tí ń jẹ́ Jarir ọmọ Abdullah tilẹ̀ ṣe àdéhùn pẹ̀lú Ànábì lórí ìrun kíkí, sákà yíyọ àti nàsíhà fún gbogbo Mùsùlùmí.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, "Àlùfáà, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe Mùsùlùmí ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí ní Fìdítì àti Ìlọrà, àwa àti àwọn Kirisẹ́ẹ́nì ni a jọ ń wà nínú iléèwé kan náà, inú ọ́fíìsì kan náà, nígbà mìíràn inú agbo ilé kan náà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ará ìlú, àmánà ni. Àṣẹ Ọlọ́hun pé ká dá àmánà padà fún ẹni tó ni ín kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí tíṣà Mùsùlùmí bá rí i pé tíṣà Kirisẹ́ẹ́nì ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò òdì, tí ó dákẹ́, àwọn ọmọ ìlú ló jẹ gbèsè náà, ti Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti Kirisẹ́ẹ́nì wà níbẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MỌ́SÁLÁSÍ MẸ̀DÍNÀ

Ìtàn kan wà tí Abu Hurayra gbà wá, tí Bùháárì àti Mùsìlímù jọ kọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) kírun ọ̀sán fún àwọn sàhábé, yálà àílà tàbí alásárì, èyí tí ó yẹ kó jẹ́ rákà mẹ́rin. Rákà méjì péré ni ó kí tí ó fi sálámà. Ó dìde, ó lọ fara ti igi kan nínú mọ́sálásí, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí inú ń bí.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn jamáà ṣe. Àwọn tí ń kánjú jáde lọ, wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé wọ́n ti dín ìrun kù. Abu Bakr àti Umar wà níbẹ̀, àwọn tí kò sí ẹni tó sún mọ́ Ànábì jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọlá rẹ̀ bà lé wọn, wọn kò lè bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan báyìí tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tí wọ́n ń pè ní Dhul-Yadayn, ìyẹn Ọlọ́wọ́-gígùn, òun ló dìde. Ó bi Ànábì léèrè bóyá ó gbàgbé ni, tàbí wọ́n ti dín ìrun kù. Ànábì dáhùn pé òun kò gbàgbé, wọn kò sì dín in kù. Ọkùnrin náà fèsì pé ọ̀kan nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ànábì wá yíjú sí àwọn yòókù, ó bi wọ́n bóyá òótọ́ ni ohun tí Dhul-Yadayn sọ. Wọ́n ní òótọ́ ni. Ó padà síwájú, ó kí rákà tó kù, ó sì fi orí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbàgbé náà.

Ẹ̀yin ará, ọ́fíìsì wa ni wọ́n fi hàn wá yìí. Àwọn kan ń jáde lọ tú ọ̀rọ̀ sí títì láì bi ẹni tó ni ín. Àwọn kan mọ òótọ́, àfi pé ojú ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ojú kò jẹ́ kí wọ́n sọ yìí kì í ṣe ènìyàn lásán o. Ẹnìkan ló bèèrè ní ìbéèrè ọmọlúàbí, òun náà ló sì gba ìrun gbogbo jamáà là. Ànábì kò bi í pé, "Ta ni ọ́ láàárín wọn?" Kò bínú pé níwájú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti bi òun. Ó wádìí, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì tún un ṣe níwájú àwọn tí wọ́n rí i.

IBI TÍ ÌDÁKẸ́ Ń GBÉ NI LỌ

Bí ó bá jẹ́ pé ìrun nìkan ló lè bàjẹ́, à bá ní ká tún un kí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí kò sí àtúnkí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì kọ lu ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Tenerife, erékùsù kan tí ó wà lábẹ́ Sípéènì. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM ará Họ́láńdì, èkejì jẹ́ ti Pan Am ará Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo ibẹ̀, ẹnìkan kò rí ẹnìkejì. Awakọ̀ àgbà inú ọkọ̀ KLM kì í ṣe ọmọdé níṣẹ́, òun gan-an ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ gbéra, igbákejì rẹ̀ sọ fún un pé àwọn kò tíì gba àṣẹ, ó sì dúró. Kò pẹ́ tó tún fẹ́ gbéra láì tíì gba àṣẹ ìgbéra, lọ́tẹ̀ yìí igbákejì kò tún dá a dúró. Ẹnjiníà tí wọ́n jọ wà níwájú ọkọ̀ bèèrè bóyá ọkọ̀ Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Awakọ̀ àgbà dá a lóhùn tìdánilójú-tìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Ọkọ̀ Pan Am ṣì wà lójú ọ̀nà. Ènìyàn 583 ló bá a lọ.

Kì í ṣe ìdákẹ́ yìí nìkan ló fà á. Kùrukùru wà níbẹ̀, ohùn méjì sì pàdé ara wọn lórí rédíò tí a kò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọọṣẹ́ sọ̀rọ̀ gbangba, ọkọ̀ dúró. Nígbà kejì tí ọ̀rọ̀ di ìbéèrè kan tí a fi ìdáhùn kan pa lẹ́nu, ọkọ̀ kò dúró. Lẹ́yìn jàǹbá yìí àti àwọn mìíràn bí irú rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ bí wọn ó ṣe máa sọ̀rọ̀ síta, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọn ó ṣe máa gbọ́.

Àwọn oníṣègùn náà ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 2008, àjọ ìlera àgbáyé gbé ìwé kékeré kan jáde fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tí ó la ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sílẹ̀. Lára rẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fi abẹ kan aláìsàn, kí olúkúlùkù tó wà nínú yàrá náà ti dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe, títí kan èyí tó kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lanu lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣòro fún un mọ́ láti tún un là bó bá rí ewu. Nígbà tí wọ́n dán ìwé yìí wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ lágbàáyé, tí ọ̀kan wà ní Tanzania, àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wá sílẹ̀ láti 15 nínú 1,000 sí 8 nínú 1,000. Èyí jáde ní ọdún 2009.

ÌWÉ TÍ A Ń FỌWỌ́ SÍ

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba nínú wa kò níí gbàgbé Udoji, nítorí owó tí wọ́n fi kún owó oṣù nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí, tí ó jábọ̀ ní ọdún 1974, sọ ohun mìíràn tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ṣáájú àsìkò náà, ìròyìn ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀gá máa ń kọ nípa ọmọọṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ kò níí mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí dá a lábàá pé kí ẹni náà máa rí i. Nínú fọ́ọ̀mù APER tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ dunjú, àyè wà tí ọ̀gá ti ń kọ bí iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ ti rí, àyè sì wà tí ọmọọṣẹ́ ti ń fọwọ́ sí i pé òun ti rí ohun tí wọ́n kọ, àti pé ọ̀gá òun ti bá òun sọ ọ́.

Ìwé yìí bá ìlànà ẹ̀sìn wa mu bí a bá ṣe é bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí a ti ń ṣe é? Ọ̀gá á kó gbogbo fọ́ọ̀mù jọ lọ́jọ́ kan, á fún gbogbo wọn ní máàkì tó ga, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń sùn á gba bákan náà. Ọmọọṣẹ́ náà á fọwọ́ sí i pé wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, nígbà tí ẹnìkan ò bá ẹnìkan sọ ohunkóhun. A ní àánú là ń ṣe. Ẹ̀yin ará, ìfọwọ́sí yẹn, ẹ̀rí ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ka ẹ̀rí irọ́ mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ, ó fara ti nǹkan tẹ́lẹ̀, ó sì dìde jókòó nígbà tó kàn án, kí wọ́n lè mọ bó ti wúwo tó.

Àwa ará Fìdítì, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọsàn, ẹ mọ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n to èyí tó dára sójú, tí wọ́n fi èyí tó ti rà sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó rà á kò níí mọ̀ títí á fi délé. Ànábì wa pàdé irú rẹ̀ lọ́jà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ìròyìn iṣẹ́ tí a fi iyìn bò lójú, tí ìjẹrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ọsàn yẹn náà ni. Ẹni tí a ṣe é fún gan-an ni a rẹ́ jẹ jù, nítorí yóò dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ láì mọ iṣẹ́.

BÍ A ṢE Ń SỌ Ọ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí à ń gbà sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ìlànà wọ̀nyí lò.

Èkíní: bèèrè kí o tó dájọ́. Dhul-Yadayn bèèrè. Ní ogun Bádírì, nígbà tí Hubab ọmọ al-Mundhir rí i pé ibi tí wọ́n dó sí kò dára tó, ó kọ́kọ́ bi Ànábì bóyá àṣẹ Ọlọ́hun ni, tàbí ọgbọ́n ogun. Ìgbà tó gbọ́ pé ọgbọ́n ogun ni, ó wá sọ èrò rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí ìwọ kò mọ̀.

Èkejì: òun nìkan ni kó gbọ́ ọ. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún hẹdímásítà níwájú àwọn ọmọ iléèwé, tàbí fún dẹ́rẹ́bà níwájú èrò ọkọ̀ nígbà tí kò sí ewu níbẹ̀, ìtìjú ló máa gbọ́, kò níí gbọ́ òótọ́.

Ẹ̀kẹta: iṣẹ́ ni kí o sọ, má sọ ènìyàn. "Ọ̀lẹ ni ọ́" kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. "Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí lo dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, àbúrò, kí ló ń dá ọ dúró?" èyí ni ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin: mú ipò ọjọ́ orí dání. Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀gá lè kéré sí ọmọọṣẹ́. Kò sọ òótọ́ di èèwọ̀, ohùn ni yóò yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Máàkì tí ẹ kọ sínú rẹ́jísítà àti èyí tó wà nínú ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kò bá ara wọn mu. Àbí èmi ni mi ò rí i dáadáa? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò." Kò sí àgbà tó gbọ́n tí yóò ka èyí sí àfojúdi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: sọ ọ́ lásìkò. Bí ìmáámù bá ṣe àṣìṣe nínú ìrun, lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń ṣe àfọ̀mọ́ Ọlọ́hun kó lè gbọ́, tí àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Wọn kì í dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò sí èébú nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kúrò lórí sáàfù nítorí rẹ̀. Bó bá ti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ la ń dúró sínú ìlànà yìí. Kí ló dé tí a kì í mú un lọ síbi iṣẹ́?

Ẹ̀kẹfà: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Sọ èyí tó ṣe dáadáa, kó sì jẹ́ òótọ́. Bá a wá ọ̀nà àtúnṣe. Bó bá sì tún un ṣe, má tún padà gbé ọ̀rọ̀ náà jáde.

ẸNI TÍ WỌ́N SỌ FÚN

Nàsíhà kò lè fìdí múlẹ̀ níbi tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti ń jìyà. Ọ̀gá tó bá ń fi kúẹ́rì tàbí ìgbéniròrìn lọ sí ọ̀nà jíjìn dá ẹni tó sọ òótọ́ fún un lóhùn, ó ti pa gbogbo ẹnu yòókù dé. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni yóò máa gbọ́, títí ilé yóò fi wó lé e lórí. Nígbà tí wọ́n fi Abu Bakr jẹ Kálífà lẹ́yìn ikú Ànábì ní ọdún 632, nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àwọn ènìyàn sọ ni ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n sì tọ́ òun sọ́nà bí òun bá ṣì í ṣe. Ó ṣílẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ìwọ ọ̀gá, má dúró dìgbà tí ọmọọṣẹ́ yóò fi ní ìgboyà. Pè é, kí o bi í pé, "Kí lo rí nínú iṣẹ́ mi tí kò dára?" Bó bá sọ ọ́, má ṣe tètè gbèjà ara rẹ. Bi àwọn mìíràn bí Ànábì ti ṣe. Bó bá jẹ́ òótọ́, dúpẹ́ kí o tún un ṣe.

BÍ KÒ BÁ GBỌ́ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ní ààlà. Bí ohun tí a rí bá jẹ́ olè jíjà, tàbí ohun tó lè gba ẹ̀mí, bíi dẹ́rẹ́bà tó mutí tó fẹ́ gbé èrò lójú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tàbí oògùn òdì tí wọ́n fẹ́ fún aláìsàn, kò sí "má jẹ́ kó tì í lójú" níbẹ̀ mọ́. Dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá gbọ́, sọ fún ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmáámù Nawawi, nínú ìwé rẹ̀ Riyad as-Salihin, ka ipò mẹ́fà sílẹ̀ tí sísọ àléébù ẹni lẹ́yìn rẹ̀ kò ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fífi ẹjọ́ sùn ẹni tí ó lè ṣe àtúnṣe wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ fún àwọn tí aburú náà lè kàn sì wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ká máa fi ọ̀rọ̀ ẹni jẹun ọ̀sán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí a bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí olúkúlùkù wa wo inú ara rẹ̀. Òótọ́ wo ni mo ti sọ fún ẹlòmíràn nípa ẹnìkan, tí n kò tíì sọ fún ẹni náà fúnra rẹ̀? Kó lọ bá a ní jẹ́jẹ́, kó bèèrè, kó sọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ìlara, kí Ó fún wa ní ahọ́n tí ń sọ òótọ́ àti etí tí ń gbà á, kí Ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa àti àwọn ìlú wa. Àmín.